Abẹ́rẹ́ gún mi níbi tí mo ti ń kó pàǹtí: ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ta ló ti gba àjẹsára hepatitis B?

IyaBose_Sagamu (aago 9:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi.

Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn àdáni kan níhìn-ín ní Ṣágámù, ọdún kẹrin rèé. Àárọ̀ àná, ní nǹkan bí aago méje, mo gbé ọ̀rá pàǹtí kúrò ní yàrá ìgbẹ̀bí. Ó wúwo, mo wá fi ti itan bí a ṣe máa ń ṣe é. Àfi fín-ín tí nǹkan ta mí. Abẹ́rẹ́ ni, wọ́n jù ú sáàárín òwú ẹlẹ́jẹ̀ láìbo orí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kí n fi spirit nù ún, pé kò sí nǹkan kan, pé abẹ́rẹ́ ti gún òun náà rí, kò sì pa òun. Mo bá ń gbálẹ̀ mi lọ.

Ìrọ̀lẹ́ yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pè mí. Mo ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà fún un, ló bá figbe ta. Ó ní ṣé mo ti gba àjẹsára hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ yẹn? Mo ní, àwa onígbàálẹ̀ kẹ̀? Àwọn dókítà ni mo rò pé ó wà fún. Ó ní kí n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n bi léèrè lálẹ́ yìí, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ gbà mí o. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

NosiAgba_IjebuOde (aago 9:20 alẹ́)

Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Kò tíì pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ má fi sùn. Ẹ dìde nísinsìnyí, kí ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má sọ pé "ara mi kò yá" o, wọ́n á ní kí ẹ jókòó de káàdì. Ẹ sọ pé: "Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fi gún aláìsàn ló gún mi lẹ́nu iṣẹ́, àárọ̀ àná, aago méje, a kò sì mọ aláìsàn náà." Gbólóhùn yẹn ni yóò mú wọn dìde.

Ìdí tí mo fi ń lé yín nìyí. Oògùn tí wọ́n fi ń dènà HIV lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí, wákàtí 72 ni òpin rẹ̀, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ọjọ́ 28 lẹ ó fi lò ó. Ti hepatitis B, abẹ́rẹ́ méjì ló wà. Ọ̀kan ni àjẹsára fúnra rẹ̀, èyí tó ń kọ́ ara yín bí yóò ṣe máa jà. Èkejì ń jẹ́ immunoglobulin, ẹ kàn pè é ní ọmọ ogun àyálò: ara ẹlòmíràn ni wọ́n ti mú un, ó ń jà fún yín lójú ẹsẹ̀ kí tiyín tó gbára dì. Láàárín wákàtí 24 ni wọ́n fẹ́ kí èèyàn gba méjèèjì. Ti yín ti kọjá ìyẹn, ṣùgbọ́n immunoglobulin ṣì wúlò títí di ọjọ́ keje. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó wọ́n, kì í sì í sí níbi gbogbo. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ má torí ẹ̀ padà sílé. Ẹ gba àjẹsára.

Ẹ̀yin yòókù tó ń kà: ọṣẹ àti omi ni a fi ń fọ ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gún. Ẹ má fún ẹ̀jẹ̀ jáde níbẹ̀, ẹ má da hypo sí i, ẹ má sì fi ẹnu fà á. Mo ti rí ẹni tó fi ẹnu fà á rí, dókítà ni.

IyaBose_Sagamu (aago 9:26 alẹ́)

Ẹ ṣé mà. Mo ti ń wọṣọ. Ọ̀kadà ló kù.

TisaIsara (aago 9:31 alẹ́)

Olúwa á wà pẹ̀lú yín, ìyá. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ o.

LaabuIperu (aago 9:58 alẹ́)

Kí Ìyá Bọ́sẹ̀ tó padà dé, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn figbe ta.

Nínú àwọn àrùn tí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lè gbé wọ òṣìṣẹ́ ìlera lára, HIV ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀, bí abẹ́rẹ́ tó ní HIV bá gún ẹgbẹ̀rún èèyàn, nǹkan bí mẹ́ta ni yóò kó o. Ti hepatitis B, bí ó bá gún ọgọ́rùn-ún tí kò gba àjẹsára, láti mẹ́fà títí dé ọgbọ̀n ló lè kó o, ó kù sọ́wọ́ bí kòkòrò náà ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ti wá. Ẹ gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ó tún lágídí: ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sórí tábìlì tàbí sára aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kòkòrò yẹn lè wà láàyè níbẹ̀ fún ọjọ́ méje, ó kéré tán.

Ìyẹn ló ń mú mi bá àwọn ọ̀gá jà pé ẹni tó ń fọ aṣọ, ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní mọ́ṣúárì, ẹni tó ń kó pàǹtí lọ síbi tí wọ́n ti ń sun ún, àwọn ló yẹ kó wà níwájú ìlà. Dókítà mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ọwọ́ òun wà. Onígbàálẹ̀ kò mọ ibi tí ó wà.

Ẹ má sì rò pé àrùn ọ̀nà jíjìn ni. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, nǹkan bí mẹ́jọ ló ní i lára. Ẹ ka bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ̀dù yín. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ máa ronú pé èèyàn méjì níbẹ̀ ní i, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn fúnra wọn má mọ̀.

Àwọn kan á ní "wọ́n ti gún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé." 2004 ni wọ́n fi í kún abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn, kí ó lọ tún èrò rẹ̀ pa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ń wọ wọ́ọ̀dù ní OOUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ní Ṣágámù, àti ní ti Babcock ní Ìlíṣàn, ẹ̀yin náà, kí ẹ tó wọ̀ ọ́ ni o, kì í ṣe ọdún tí ẹ fẹ́ jáde.

OmoAlare (aago 10:15 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù bani. Egbòogi ibà pọ́njú ni ìyá mi àgbà ń tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó títí tí wọ́n fi sùn. Kò sí ojú tó pọ́n tí wọn kò wẹ̀ mọ́. Ewé wà nílẹ̀, egbò wà nílẹ̀, ẹ̀ ń lé obìnrin jáde lóru nítorí abẹ́rẹ́ òyìnbó.

NosiAgba_IjebuOde (aago 10:40 alẹ́)

OmoAlare, kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá àgbà sí afẹ́fẹ́ rere. Mi ò ní bá òkú jà. Ṣùgbọ́n ojú pípọ́n lè ti ara ibà wá, ó lè ti ara òkúta inú òróòro wá, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ SS. Àgbàlagbà tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó hepatitis B gan-an, nínú ogún, nǹkan bí mọ́kàndínlógún ni ara wọn ń lé e jáde fúnra rẹ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń mu àgbo lọ́wọ́, àgbo ló máa gba ọpẹ́.

Ẹnì kan tó ṣẹ́kù yẹn ni mo ń wí. Òun kò ní ibà, ojú rẹ̀ kò pọ́n, á máa jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀, á máa lọ sóde àríyá. Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀dọ̀ ló ń le gbagidi nínú lọ́hùn-ún, ìgbà tí ikùn bá wú ni wọn yóò tó gbé e wá bá wa, ẹlòmíràn á sì ti di jẹjẹrẹ. Mo ti pa ojú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ dé. Ọ̀kan nínú wọn, nọ́ọ̀sì ni, ẹgbẹ́ mi.

Àti pé àìsàn ni àgbo ń wò, OmoAlare. Ìyá Bọ́sẹ̀ kò tíì ṣàìsàn. A kò sì fẹ́ kó ṣe é.

OmoAlare (aago 10:52 alẹ́)

Mo gbọ́. Mi ò tíì gbà tán o, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ nípa ti ọ̀rẹ́ yín.

IyaBose_Sagamu (aago 1:44 òru)

Mo ti dé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. HBsAg (àmì hepatitis B nínú ẹ̀jẹ̀) kò sí, HIV kò sí, hepatitis C kò sí. Inú mi dùn, mo fẹ́ máa jó, ni dókítà kékeré kan, ọmọ tí mo lè bí, bá sọ pé, "Màmá, ẹ rọra. Èyí tí a rí yìí, bí ẹ ṣe wà ṣáájú àná ni. Ti àná kò lè tíì hàn." Ó kọ ọjọ́ tí n ó máa padà wá fún mi, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ oṣù mẹ́fà sí ìsinsìnyí. Wọ́n fún mi ní oògùn ọjọ́ 28. Wọ́n gún mi ní àjẹsára àkọ́kọ́ ní apá. Immunoglobulin kò sí nílẹ̀, wọ́n ní bí àwọn bá rí i kó tó di ọjọ́ keje, àwọn á pè mí.

Ó ní kí ọkọ mi ṣì máa lo rọ́bà títí tí àyẹ̀wò yóò fi parí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn nílé báyìí?

NosiAgba_IjebuOde (aago 5:30 ìdájí)

Ẹ ṣeun tí ẹ lọ. Ti ọkọ yín, ẹ fi ìwé àyẹ̀wò hàn án, kí ẹ sọ ọ́ bí ó ṣe rí: iṣẹ́ ni mo wà. Bí ó bá ń jà, ẹ ní kó pè mí, a óò jọ sọ ọ́.

Ogbeni_Iwe (aago 8:05 àárọ̀)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àárọ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀, ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Ẹ kọ ìwé sí ọ̀gá yín lónìí: ọjọ́, wákàtí, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tí ẹ sọ fún. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó fi sílẹ̀. Òfin kan wà, Employee's Compensation Act ti 2010, ó ní òṣìṣẹ́ tó bá farapa tàbí tó kó àrùn lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti owó gbà-máà-bínú, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan tó ń jẹ́ NSITF ló ń bójú tó o. Ọjọ́ 14 ni wọ́n fún òṣìṣẹ́ láti fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí. Ọ̀gá àdáni náà wà lábẹ́ òfin yẹn, kì í ṣe ìjọba nìkan. Ẹ má fi ìjà kọ ọ́. Ìwé jẹ́jẹ́ ni kó jẹ́.

BabaPanti_Ikenne

Èmi náà, iṣẹ́ pàǹtí ilé ìwòsàn ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rá kì í kan ara. Ẹ di ọrùn rẹ̀ mú, ẹ na apá, kí ó jìnnà sí ẹsẹ̀. Bí ó bá wúwo ju apá nínà lọ, ẹ pín in sí méjì. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó lè gba sí i, ibẹ̀ ló ti máa ń gúnni. Bàtà aláwọ nípọn, kì í ṣe sìlípáàsì. Àpótí abẹ́rẹ́, bí ó bá ti dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ tì í pa, ẹ gbé òmíràn. Níbi tí àpótí kò bá sí, gálọ́ọ̀nù oníke tó nípọn tó ní ìdérí, ẹ kọ "ABẸ́RẸ́" gàdàgbà sára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá ń dé abẹ́rẹ́ padà lẹ́yìn tó ti lò ó, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ibi dídé náà ló ti ń gún òun fúnra rẹ̀.

Fún ẹ̀jẹ̀ tó dà sílẹ̀: bí ìgò hypo bá kọ 3.5%, ife kan sí ife omi mẹ́fà. Ẹ fi tísù tàbí àkísà fa ẹ̀jẹ̀ kúrò ná, ẹ dà á sí ojú ibẹ̀, ẹ ní sùúrù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó nù ún. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dà á tán, wọ́n á nù ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Olóòórùn dídùn ni wọ́n fi í ṣe.

MiODarukoAraMi

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná, mo ń kọ, mo ń pa á rẹ́.

Auxiliary ni mí níbì kan ní Ìjẹ̀bú. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀gá wa ní gbogbo wa yóò gba àjẹsára hepatitis B, òun yóò san ìdajì, ṣùgbọ́n wọn yóò kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò. Mo ní mò ń lọ síbi òkú. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé bí ó bá jáde pé ó wà, wọn yóò ní kí n máa lọ, owó iṣẹ́ yẹn ni mo sì fi ń rán ọmọ méjì nílé ẹ̀kọ́. Èmi nìkan kọ́. A tó mẹ́fà tí kò wá lọ́jọ́ náà. Àwọn tó wá, orí tábìlì mátírọ́ọ̀nù ni wọ́n to ìwé àbájáde wọn sí, ẹni tó ń kọjá ń kà á. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo ní mo mà gbọ́n o.

Ìgbà tí mo lóyún àbíkẹ́yìn ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò ní kíliníìkì aláboyún. Ó wà. Mi ò lè sọ bóyá ibi iṣẹ́ ni mo ti kó o tàbí láti kékeré ni. Mo sunkún títí ojú mi fi wú, mo ti rò pé ikú ló dé. Ikú kò dé. Wọ́n gún ọmọ náà láàárín wákàtí 24 tí mo bí i, ó gba ìyókù bí ó ṣe ń dàgbà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí lára rẹ̀. Ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi àgbà méjèèjì ṣe àyẹ̀wò, kò sí lára wọn, wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ń lọ yẹ ẹ̀dọ̀ mi wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Dókítà ní mi ò tíì nílò oògùn, bí mo bá nílò rẹ̀, ó wà, oníhóró ni, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Mi ò mu ọtí mọ́, mo sì ti dá àgbo dúró. Mo ṣì ń ṣiṣẹ́. A jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà nílé. Abẹ́ fífá irun àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi nìkan ni mo yà sọ́tọ̀.

Ọ̀gá mi kò mọ̀ títí di òní. Ẹ má bá mi wí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀gá tó ń kà mọ ìdí tí òṣìṣẹ́ yín fi ń lọ "síbi òkú" lọ́jọ́ abẹ́rẹ́.

TisaIsara

Ẹ kú ìfaradà, àǹtí. Omi bọ́ lójú mi.

LaabuIperu

Ọ̀rọ̀ àǹtí wa yìí ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ilé ìwòsàn kà. Mo ti rí i tó. Ìwé àbájáde, inú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, ọwọ́ ẹni tó ni ín. Kí ọ̀gá gba iye àwọn tó gba abẹ́rẹ́, kò nílò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀nà kan tún wà tí a fi máa ń yọ ẹ̀rù kúrò. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ tán, kí ẹ gún onítọ̀hún lórí ìjókòó kan náà, láìdúró de èsì. Bí ó bá ti ní i lára tẹ́lẹ̀, àjẹsára kò ní pa á lára, kò kàn ní wúlò fún un ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn yóò jáde kúrò ní yàrá náà pẹ̀lú òwú lápá, kò sẹ́ni tó máa mọ ti ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni kó ṣáájú o. Àjẹsára tuntun lè mú kí HBsAg fara hàn nínú ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí àrùn kankan. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tó fẹ́ pokùnso nítorí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Sakiru_Odogbolu

Mo gba ẹyọ kan ní 2019 nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, mo gbàgbé ìyókù. Ṣé màá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀?

NosiAgba_IjebuOde

Rárá. Ẹ máa bá a lọ láti ibi tí ẹ dúró sí. Èkejì lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù méjì, ó kéré tán. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ tuntun: òní, oṣù kan, oṣù mẹ́fà.

NosiTiata_Remo

Mo fẹ́ fi ẹ̀gàn ara mi kún un. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo gbà, mo gba káàdì, mo fi í yangàn. Ọdún kejì, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán ojú egbò gún mi lórí iṣẹ́ abẹ, aláìsàn náà ní hepatitis B. Dókítà bi mí pé nọ́ḿbà mi ń kọ́? Nọ́ḿbà wo? Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n yẹ ara wò lẹ́yìn ẹ̀kẹta. Wọ́n yẹ̀ mí wò. Ohun tí àjẹsára mú wá sínú ẹ̀jẹ̀ láti dáàbò bo ara, nọ́ḿbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 10 ó kéré tán. Tèmi kò pé 4.

A wá wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló gún mi, ìdí ló sì gún mi sí, bí a ṣe ń gún gbogbo abẹ́rẹ́ láyé ìgbà náà. Àjẹsára yìí, apá ni ibi rẹ̀. Inú ọ̀rá ìdí kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo gba immunoglobulin lọ́jọ́ náà (ẹ má bi mí léèrè iye), mo tún gba mẹ́ta mìíràn sí apá. Oṣù méjì lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, nọ́ḿbà lé ní 200. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò láàárín oṣù kan sí méjì lẹ́yìn ẹ̀kẹta. Bí àgbà bá ti ń dé síni, bí èèyàn bá sanra, bí ó bá ń mu sìgá, ara lè má gbà á bí ó ti yẹ. Ẹni tó gba mẹ́fà tí nọ́ḿbà rẹ̀ kò tún tó 10, kí ó mọ̀ pé òun kò ní ààbò, ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ bá gún un, immunoglobulin ni.

OniKemisti_Ago

Ẹ tún bi àwọn tó ń ta àjẹsára yìí léèrè bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀. Èmi ni mo ń sọ ọ́, ẹni tó ti jìyà rẹ̀. Mo ra ti òṣìṣẹ́ mi mẹ́fà, NEPA mú iná lọ fún ọjọ́ méjì, mo wá fi ọgbọ́n orí gbé wọn sínú fírísà ìyàwó mi tó wà lórí jẹnẹrétọ̀, láàárín ẹja kótè. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti dì gbagidi. Mo yọ́ wọn, mo gbọn ìgò, ó ń ṣe bí ògì tó bà jẹ́, funfun ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí. Oníṣègùn òyìnbó tí mo pè ní kí n dà á nù. Ooru máa ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n dídì ń pa á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n ooru (°C) ni kó wà. Ẹni tó bá gbé e wá nínú ọ̀rá pẹ̀lú yìnyín tó fara kan ìgò, ẹ má gbà á.

Ìyàwó mi ṣì ń rántí rẹ̀ fún mi bí ó bá fẹ́ se ẹja.

IyaAlajo_OkeAje

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera, àjọ ni mò ń gbà ní ọjà Òkè-Ajé. Ọmọ mi obìnrin ló fi eléyìí hàn mí, onígbàálẹ̀ ilé ìwòsàn lòun náà.

Mo ń kà á, mo rí i pé ohun tó di yín mú ni owó. Ẹ dá àjọ. Ṣé òótọ́ ni, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, pé ìgò kan wà tó gba èèyàn mẹ́wàá?

NosiAgba_IjebuOde

Òótọ́ ni mà. Ìgò èèyàn mẹ́wàá wà, ó sì máa ń dínwó ju ẹlẹ́yọ kọ̀ọ̀kan lọ. Kí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n gún wọn lọ́jọ́ kan náà ló dára jù.

IyaAlajo_OkeAje

Ó ti parí nìyẹn. Èèyàn mẹ́wàá, owó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni kó máa gbà á. Ẹ pín iye ìgò mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, ẹ ó rí i pé kò tó owó gàrí. Ìgò àkọ́kọ́ ni kí ẹ bẹ ọ̀gá yín pé kó yá yín, nítorí ẹ ò lè dúró kó pé. Àjọ á wá san án padà, á sì ra ìyókù. Ọ̀gá tó bá kọ̀ láti fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ lè má kọ̀ láti yáni. Ìjẹ̀bú ni wá, a mọ owó yíyá.

Wọ́n ní a fẹ́ràn owó. Owó tí àwa kan ń ná sórí aṣọ régbérégbé fún Ojúde Ọba ọdún kan ṣoṣo, mo rò pé á gún odindi wọ́ọ̀dù kan. Mo wà nínú wọn o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹgbẹ́ mi rí i.

IyaBose_Sagamu (ọjọ́ kẹjọ)

Wọn kò pè mí fún immunoglobulin, ọjọ́ méje ti kọjá. Mo ti fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Oògùn ọjọ́ 28 ń rìn mí nínú, ṣùgbọ́n mò ń lò ó. Mo kọ ìwé. Ọ̀gá pè mí, mo ti rò pé ìjà ni. Ó bi mí pé èèyàn mélòó ló ń gbálẹ̀ tó ń fọṣọ? Mo ní mẹ́sàn-án. Ó dákẹ́. Mo bá gbé ọ̀rọ̀ Ìyá Alájọ kalẹ̀.

Àpótí abẹ́rẹ́ mẹ́rin ti dé wọ́ọ̀dù. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan, a kàn dé láàárọ̀, a bá a níbẹ̀.

OmoAlare

Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Àbúrò mi obìnrin ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí. Mo ti bi í léèrè. Kò tíì gbà á. Mo fi owó ránṣẹ́ sí i lánàá. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

IyaBose_Sagamu (lẹ́yìn oṣù kan)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Oògùn ti tán, àyẹ̀wò tí mo ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá kò rí nǹkan kan, ó ku ti oṣù mẹ́fà.

Òní ni wọ́n gún wa. Ọ̀gá yá wa ní ìgò àkọ́kọ́, àjọ ti ń san án. Èkejì ni fún èmi, àkọ́kọ́ ni fún àwọn yòókù. Yàrá tí wọ́n ń kó ìwé ìtàn aláìsàn sí ni wọ́n lò, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń wọlé, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó gúnni, wọ́n kọ nọ́ḿbà sára ìgò ẹ̀jẹ̀ dípò orúkọ. Kò sẹ́ni tó lọ síbi òkú.

Mẹ́sàn-án ni wá, mo sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ààyè ẹni kẹwàá nínú ìgò ṣófo títí di alẹ́ àná, a ti fẹ́ fi lọ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó wá san owó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà ni nọ́ọ̀sì tó ní kí n fi spirit nù ún. Kò tíì gbà á rí, láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń gúnni lábẹ́rẹ́. Èmi àti rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ yẹn. Ó ká apá aṣọ sókè, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gún òun sí apá òsì, òun fẹ́ gún iyán lálẹ́.